Ohùn Tí Ebi Ń Pa

Ká tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ti Ìyá Iwin fún un, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í fi í bò. Bó bá ń sọ ọ́, á máa rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ á fi máa mì bí omi inú garawa. Lọ́jọ́ tí ìfẹ́ wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, abẹ́ síǹkì ló rán an lọ.

Àlejò méjì ló ń retí lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ni púlọ́ńbà, torí pé páìpù abẹ́ síǹkì ń jò, omi sì ti fẹ́ sọ ilé ìdáná di odò. Èkejì ni ọkùnrin kan tí kò fojú rí rí, ohùn rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ìyá Iwin fẹ́ gbà á síṣẹ́, kó máa ka àwọn ìwé ìtàn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ fún àwọn tó fẹ́ràn láti máa fetí gbọ́ ìwé ju kí wọ́n fojú kà á lọ. Ohùn náà jinlẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń yọ̀ létí ẹni bí òróró. Ìyá Iwin, tó ń fi ìtàn ìfẹ́ jẹun, ti mú ohùn yẹn, ó ti fi mọ odindi ọkùnrin sọ́kàn: ó ga, èjìká rẹ̀ fẹ̀, irun rẹ̀ kún. Ó kun pàúdà. Ó ki ara rẹ̀ bọ aṣọ kan tó ti fún un láti ọjọ́ pípẹ́, ó wá ń fi ìwọ̀n mí kí síìpù má baà já.

Ilẹ̀kùn dún. Ọkùnrin kúkúrú kan ló dúró síbẹ̀, orí pípá, agboòrùn tó ń kán tó tó tó lọ́wọ́ kan, àpò ọ̀rá lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ̀yin púlọ́ńbà, ẹ kú àìtètèdé o! Ibí lẹ máa gbà."

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ìyá Iwin ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde níbẹ̀.

"Ẹ bá mi tètè ṣe é, bàbá, mò ń retí èèyàn pàtàkì. Ọkùnrin kan ni. Ẹ ò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn rí láyé yín! Bó bá bá òkúta sọ̀rọ̀, òkúta á lóyún. Èmi arúgbó tí mo ti ní ọmọ-ọmọ, bí mo ṣe gbọ́ ọ lánàá, ńṣe ni mo wá àga fìdí lé."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo omi tó ń ṣàn, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ká ọwọ́ aṣọ, ó kúnlẹ̀, ó ti orí bọ abẹ́ síǹkì. Ìyá Iwin ṣì ń ròyìn èjìká àlejò rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ohùn kan jáde lábẹ́ ibẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀:

"Màdáámù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àkísà kan."

Ìyá Iwin ta gìrì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó fìdí jókòó sínú omi, aṣọ ya lẹ́yìn, fàà!

"Ṣé... ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ sọ ọ́, ẹ ò fún mi láyè."

"Ọ̀rọ̀ òkúta yẹn, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́." Orí pípá náà yọ síta, ó ń dán. "Àmọ́ ọwọ́ mi mọ́ o. Mi ò tíì fún òkúta kankan lóyún rí."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ọkùnrin náà fi àkísà so páìpù, jíjò náà dáwọ́ dúró. Púlọ́ńbà gan-an ò yọjú títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Iwin sọ ọ́ ní Olóhùn, ó sì gbà á síṣẹ́ kó tó ka ìlà kan ṣoṣo.

Ìyá Iwin náà kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àwọn òǹkàwé rẹ̀ ló fún un, nítorí ìtàn ìfẹ́ àárín alààyè àti òkú ló ń kọ. Kò sí ilé iṣẹ́ ìwé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ń kọ ọ́, òun ló ń ṣàtúnṣe rẹ̀, òun ló ń wá àwòrán ẹ̀yìn ìwé, òun ló ń gbé e sórí ayélujára, òun náà ló ń kígbe polówó rẹ̀. "Èmi ni ọ̀gá, èmi ni ọmọọṣẹ́," ló máa ń wí, "èmi náà sì ni ẹni tí ọ̀gá ń bú."

Iṣẹ́ àdáṣe ni, iṣẹ́ àdájókòó ni. Orí tábìlì ilé ìdáná ló ti ń ṣe é, níwájú fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Láàárọ̀ á kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé ó jíire. Á bi obìnrin inú ìtàn léèrè bóyá ó sùn dáadáa. Bó bá kọ ibi tó dùn mọ́ ọn, á bú sẹ́rìn-ín gbàà, ẹ̀rín náà á lọ kọlu ògiri, á padà wá bá a, ilé á sì tún dákẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé lọ́nà jíjìn, ọjọ́ Sọ́ńdè ló máa ń pè.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti yó bámú, ọmọ mi."

Búrẹ́dì ni. Ìdúró ló sì jẹ ẹ́, torí pé bó bá jókòó, ńṣe ni àga kejì máa ń wò ó.

Ọkọ rẹ̀ ló ni àga yẹn. Atúnaagoṣe ni nígbà ayé rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún un, etí ló máa kọ́kọ́ gbé e sí kó tó fojú wò ó. Ikú mú un lọ. Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fẹ́ fún obìnrin náà lọ́rùn pa, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì dá ọkùnrin kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Òjìji. Ìwé ń gorí ìwé, Òjìji yìí kan náà ló ń wá bẹ ìyàwó rẹ̀ wò lójú fèrèsé nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Kì í ṣe àkúdàáyà tó ń jẹun, tó ń bímọ nílùú onílùú o. Ìyá Iwin ti fòfin dè é: kì í jẹ, kì í mu, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í gba ẹnu ọ̀nà. Á kàn dúró ti ìyàwó rẹ̀, á sọ̀rọ̀ dídùn, á lọ. Ẹni tó bá sì mọ atúnaagoṣe yẹn rí, kò ní pẹ́ mọ Òjìji.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lọ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, obìnrin àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, tó ń gbé ní òpópónà kejì. Òun ló fà á tí Ìyá Iwin fi wá ẹni tí yóò máa ka ìwé sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí àwọn ẹbí ní ìtìjú ni kí arúgbó máa kọ ìtàn ìfẹnukonu, ìyá yìí ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

"Ẹ fi ìyàwó wa sílẹ̀! Àwòrán àbúrò mi wà lára ògiri, mi ò rí i mọ́. Inú ìwé rẹ̀ ni mo ti ń bá a pàdé. Bí ìfẹnukonu yẹn bá pọ̀ jù fún yín, ẹ di etí yín, ẹ jẹ́ kí èmi gbọ́."

Bí iṣẹ́ Olóhùn ṣe rí nìyí. Yàrá méjì ló ń gbé lókè téńté ilé gíga kan. Ó ti kó ẹ̀wù òtútù àti mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kí ariwo ìta má baà wọlé, inú rẹ̀ ló máa ń káwọ́ kásẹ̀ sí tí yóò máa kàwé. Bó bá ka orí kan tán, á fi ránṣẹ́. Ìyá Iwin á fi íapíìsì sétí, á gbé ìwé síwájú, á máa fi ohun tó gbọ́ wé ohun tó kọ. Etí rẹ̀ mú! Ó ń gbọ́ itọ́ tí ọkùnrin náà gbé mì, ó ń gbọ́ àga tó han. Ibi tó bá ti rí àṣìṣe, á pè é.

"Bàbá Olóhùn, orí kẹrin. Inú yín kùn."

"Inú tèmi?"

"Ó kùn gbùrù níbi tí Òjìji ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ẹ bá mi gbọ́, iwin wo ni inú rẹ̀ ń kùn?"

"Mi ò tíì jẹun àárọ̀ ni, màdáámù."

"Ẹ lọ jẹun, kẹ́ ẹ tún un kà. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí wọ́n sọ pé mi ò bọ́ iwin mi yó!"

Àṣìṣe ò pọ̀, àmọ́ ìpè ń gùn sí i. Olóhùn sọ fún un pé ibùdó ọkọ̀ ojú irin lòun ti ṣiṣẹ́ títí òun fi fẹ̀yìn tì. Òun ni ẹni tó máa ń kéde ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra. Yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé ni wọ́n fi í sí. Gbogbo ìlú ló mọ ohùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀.

"Ìyàwó yín ńkọ́?" Ìyá Iwin bi í lọ́jọ́ kan. Ẹnu rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

"Ó wọ ọkọ̀ lọ. Èmi ni mo kéde ọkọ̀ tó gbé e. Mi ò mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀."

Kí ẹ má parọ́ fún ara yín nípa àwọn tó ń kọ̀wé. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dun Ìyá Iwin tó, kó tó mí sókè, ọwọ́ rẹ̀ ti na sí bírò. Ó gbá ọwọ́ náà bí ẹni ń gbá ọwọ́ ọmọ olójúkòkòrò. Lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn tí fóònù ti dákẹ́, ó jókòó níwájú fèrèsé yẹn títí tíì rẹ̀ fi tutù, ó ń ronú nípa ọkùnrin tó ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ láti inú àpótí.

Ìwé keje ló da gbogbo rẹ̀ rú. Olóhùn fi orí tó kẹ́yìn ránṣẹ́. Ìyá Iwin ń gbọ́ ọ lọ, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà. Òjìji dé ojú fèrèsé, ó kí ìyàwó rẹ̀ bó ṣe máa ń kí i. Ohùn náà wá ní:

"Ó ti sú mi kí n máa gba ojú fèrèsé wọlé bí afẹ́fẹ́. Ebi ń pa mí, ẹsẹ̀ ń ro mí. Ṣílẹ̀kùn fún mi, kí n jókòó tì ọ́."

Ìka Ìyá Iwin dúró. Ó wo ìwé. Kò sí ìlà yìí níbẹ̀. Ó yẹ òkè wò, ó yẹ ìsàlẹ̀ wò. Ó tún un gbọ́. Ooru kan ti àyà rẹ̀ gòkè dé etí, ìwérí bọ́ lórí rẹ̀, kò mọ̀. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Obìnrin tó bá lóye á ti wá bàtà. Àmọ́ Ìyá Iwin kì í ṣe obìnrin nìkan, òǹkọ̀wé ni. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni: "Ìlà yìí dára ju tèmi lọ!" Ó jókòó, ó kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe gbọ́ ọ, ó fi sẹ́nu Òjìji. Ó wá gbé fóònù, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀:

"Bàbá Olóhùn, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kún un yẹn dùn jù! Mo ti kó o sínú ìwé, Òjìji ti gbà á. Ẹ ṣeun o. Ẹ bá mi ro òmíràn!"

Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀, ká bá a ṣọ̀fọ̀ ọgbọ́n.

Ìwé náà jáde. Àwọn òǹkàwé gbé ìlà yẹn lórí bí adé. Wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n ń kọ ọ́ sára ògiri yàrá. Obìnrin kan ní ọkọ òun tó wà láàyè ò tíì sọ irú rẹ̀ fún òun rí, ó dára kí òkú wá kọ́ ọ. Ìwé Ìyá Iwin ò tà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó fò sókè, ó jó yípo tábìlì, ó wá gbé fóònù kó sọ fún Olóhùn.

"Mo ti gbọ́," ni Olóhùn wí. "Ẹ kú oríire, màdáámù."

Láti ọjọ́ yẹn, àṣìṣe tán nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìtàn kúkúrú méjì tó kà lẹ́yìn náà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Inú rẹ̀ ò kùn, àga rẹ̀ ò han. Kò sí ìdí kankan láti pè é. Ìyá Iwin fi íapíìsì sétí, ó ń wá àṣìṣe bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú eruku, kò rí. Ó parọ́ ọ̀kan. Ó pè é pé ó fo ọ̀rọ̀ kan. Ọkùnrin náà tún un kà láìjiyàn, ó fi ránṣẹ́, kò sọ nǹkan mìíràn.

Lẹ́yìn náà ló rán ohùn kékeré kan: "Màdáámù, ẹ wá ẹlòmíràn fún ìwé kẹjọ. Ẹ má bínú."

Ìyá Iwin tẹ́tí sí i títí fóònù fi fẹ́ kú. Ó rò pé owó ni. Ó rò pé àìsàn ni. Ó rò pé torí pé òun ti ń sanra ni, bí ẹni pé ọkùnrin náà ń rí i lórí fóònù! Ilé wá dákẹ́ ju bó ṣe dákẹ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú lọ, torí nígbà yẹn, ó mọ ẹni tó lọ àti ibi tó lọ. Ó kọ ojú ewé kan, ó pa á rẹ́. Ó kí kọ̀ǹpútà láàárọ̀, ojú tì í.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní kó wá.

"Ìyàwó, jókòó. Má wá àga jìnnà sí mi. Tẹ ẹ̀rọ yẹn, ibi tí mo dá a dúró sí."

Ìyá Iwin tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà kún yàrá: ebi ń pa mí, ẹsẹ̀ ń ro mí.

"Pa á," ni ìyá àgbà wí. "Òkú wo ni ebi ń pa?"

"Ìyá mi, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán ni..."

"Mo ní òkú wo ni ebi ń pa? Ìwọ lo sọ láti ìwé àkọ́kọ́ pé kì í jẹ, kì í mu, kì í rẹ̀ ẹ́. Kí ló wá dé tó ń bèèrè àga? Ojú mi ló lọ, etí mi ṣì wà. Ní gbogbo ibi tó kù, ọkùnrin yìí ń ṣe àbúrò mi, á rọ ohùn sílẹ̀, á fà á. Níbí yìí, kò ṣe ẹnikẹ́ni. Ohùn ara rẹ̀ ni. Alààyè ló ń mí níbẹ̀ yẹn, ìwọ ló sì ń bá sọ̀rọ̀."

Ìyá Iwin na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà kó tún un gbọ́, ìyá àgbà dá a dúró.

"Kí lo wá dá a lóhùn?"

"Mo ní... mo ní kó bá mi ro òmíràn."

"Yéè!" Ìyá àgbà fọwọ́ gbá itan. "Ìwọ tó ń kọ́ gbogbo ayé ní ìfẹ́! Wọ́n fún ọ ní odindi ọkùnrin, o kó o fún òkú jẹ!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín lọ, omi náà ò lọ.

"Ṣé wàá fẹ́ ẹ ni?"

"Ìyá mi, mi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé ilé ti tutù."

"Mi ò bínú sí ọ. Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí. Àmọ́ gbọ́: ọkùnrin tó bá wá jókòó sórí àga yẹn ò ní fẹ́ bá òkú du ààyè. Á ní kó o lé àbúrò mi jáde nínú ìwé. Bó o bá lé e, má wá síbí mọ́. Mi ò ní ibòmíràn tí mo ti ń rí i."

Bí Ìyá Iwin ṣe kúrò níbẹ̀, ilé gíga yẹn ló forí lé. Àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀ṣẹ̀. Ó ń gùn ún, ó ń bú ẹni tó kọ́ ọ, ó ń bú ìdí ara rẹ̀ tó ń gbé lẹ́yìn bí ẹrù onẹ́rù. Nígbà tí Olóhùn ṣílẹ̀kùn, Ìyá Iwin kàn ń mí bí ewìrì.

"Màdáámù! Ẹ wọlé, ẹ wọlé."

Yàrá náà mọ́, ó sì ṣófo. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ là sílẹ̀, mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ wà nínú rẹ̀, igun kan ti tẹ̀ wọnú níbi tí èèyàn kan ti ń fi èjìká tì í. Ìyá Iwin wo igun yẹn. Níbẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti sọ ọ́, nínú òkùnkùn, sí etí ẹ̀wù òtútù.

"Mo ti gbọ́ ọ," ló wí. "Ohun tí ẹ sọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni."

"Ẹ ti kó o fún Òjìji," ni Olóhùn dáhùn wọ́ọ́rọ́. "Gbogbo ayé ló ń pè é ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Bí mo bá tún sọ ọ́, wọ́n á ní òkú ni mò ń sín jẹ."

"Màá yọ ọ́! Èmi ni mo ni ìwé mi, n kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kankan. Kí oòrùn tó wọ̀, màá ti yọ ọ́."

"Kí ni ẹ máa fi dípò rẹ̀?"

Ìyá Iwin gbá ìwérí rẹ̀ mú. Ó fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Láti ìgbà tí ẹ ti dákẹ́, ilé mi dà bí ojú ọ̀run tí kò ní ìràwọ̀ kan..."

"Ìwé kejì, orí kẹsàn-án."

"Bí mo bá gbọ́ ohùn yín, ẹ̀jẹ̀ mi..."

"Ìwé karùn-ún. Ẹ ní kí n tún ìyẹn kà, mo gbé itọ́ mì."

Ìyá Iwin dúró. Ó wá inú ara rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, kò rí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan tí kò tíì tà, tí ọkùnrin yìí ò sì tíì fi ẹnu ara rẹ̀ kà lórúkọ ẹlòmíràn. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì náà ké.

"Mò ń hanrun," ló wí.

"Ẹ ní?"

"Mò ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Mẹ́ta nínú eyín mi, inú ife ni wọ́n ń sùn. Bí wọ́n bá gbé síbí síbi tí kò yẹ, inú mi á bàjẹ́ títí di ọ̀la. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó wà láàyè gbé mọ́, bàbá, òkú kì í fọ́ abọ́. Ìdúró ni mo ti ń jẹun látọjọ́ yìí. Ẹ̀rù àga kan ló ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó sórí rẹ̀."

Olóhùn ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì í, bẹ́ẹ̀dì tún ké.

"Ìyẹn ò sí nínú ìwé kankan," ló wí.

"Kò sí níbẹ̀."

"Ẹ má kọ ọ́."

"Mi ò ní kọ ọ́."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Ìka ọwọ́ méjì fara kan ara wọn, kò sí èyí tó sá. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà ní: "Ọkọ yín ńkọ́? Mi ò lè máa fi ẹnu tí mo bá fi jẹun lọ́dọ̀ yín lálẹ́ ṣe ohùn ọkọ yín nínú ìwé lọ́sàn-án."

Ibẹ̀ ni ẹkún ti jáde, ẹkún gidi, èyí tó ń fa imú. "Bí mo bá lé e, á jẹ́ pé ó kú lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni màá sì pa á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ní dárí jì mí láé. Òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n."

"Ẹ má lé e. Ẹ jẹ́ ká sìn ín sọ́nà. Iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi nìyẹn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún èèyàn pé ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra, láìjẹ́ kí àyà rẹ̀ já."

Ìyá Iwin lọ sílé, ó kọ ìwé kẹjọ. Ojú kan ni orí tó kẹ́yìn dúró sí fún ọjọ́ púpọ̀. Olóhùn ti ń wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ó jókòó sórí àga yẹn, ó jẹ ẹyin díndín, ó fọ abọ́, ó sì gbé síbí síbi tí kò yẹ. Ìyá Iwin bú u, inú rẹ̀ dùn pé òun rẹ́ni bú. Àmọ́ bí ọkùnrin náà bá ti lọ, á tún padà sídìí fèrèsé, á máa wo ògiri, á máa tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹni tí kò lè dáhùn. Kò sẹ́ni tó lè bá a gbé apá ibẹ̀ yẹn.

Nígbà tó parí rẹ̀, ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ìyá àgbà ò bínú lórí fóònù. Ohun tó sọ ò ju ọ̀kan lọ: "Kí ọkùnrin náà wá kà á sí etí mi kí ìwé náà tó jáde."

Wọ́n lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà ti jókòó dè wọ́n, ó wọ aṣọ dáadáa bí ẹni tó fẹ́ gba àlejò. Ó ní kí Olóhùn sún mọ́ òun. Ó na ọwọ́, ó fi wá ojú rẹ̀, ó fi dé àtàrí rẹ̀ tó ń dán.

"Orí rẹ pá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àbúrò mi nírun."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ó dáa. Kà á."

Ó kà á. Ó rọ ohùn sílẹ̀, ó fà á bí Òjìji ṣe máa ń fà á. Òjìji dé ojú fèrèsé, kò wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé etí sí ara ilé bí ẹni tó ń tẹ́tí sí aago. Ó ní, "Iná ń jó nínú ilé. Omi ń hó lórí sítóòfù. Ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo kàn wá gbọ́ ọ ni. Màá máa lọ." Ohùn Olóhùn ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò gbọ̀n, kò yára, títí tí ẹni tó ń gbọ́ ọ ò fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí àti ibi tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Iwin ń wo ìyá àgbà, ó ń wá ìbínú lójú rẹ̀, ì bá tilẹ̀ rọrùn fún un bó bá rí i. Ojú yẹn kàn gbé sókè, ó kọjú sí ibi tí ohùn ti dákẹ́.

"Ó kà á dáadáa," ni ìyá àgbà wí níkẹyìn. "Ìyàwó, o kọ ọ́ dáadáa. Ẹ gbé e jáde. Ẹ máa bára yín jẹun."

Olóhùn ká ìwé, ó fẹ́ dìde. Ọwọ́ ìyá àgbà ti dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó dì í mú.

"Arákùnrin, orí mi pé, mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ ni. Àmọ́ kó o tó lọ, ṣé wàá fi ohùn yẹn pè mí ní 'ẹ̀gbọ́n mi', lẹ́ẹ̀kan péré?"